Omi Mọ́, Ẹja Ńkọ́?

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa tó ń gbin òwú, ẹ máa ń bi wá pé: "Omi odò mọ́ gaara, báwo lẹ ṣe ní oògùn wà lára ẹja rẹ̀?" Àwọn oògùn apakòkòrò kan kì í yòrò dáadáa nínú omi, inú ọ̀rá ni wọ́n ti ń ríbi dúró. Díẹ̀díẹ̀ lẹja ń gbà á sára, kì í sì í tètè jáde.

Ní ilé àyẹ̀wò, wọ́n á fi ẹja sínú omi tí wọ́n po oògùn díẹ̀ mọ́, fún nǹkan bí ọjọ́ 28. Wọ́n á wọn ti inú omi, wọ́n á wọn ti ara ẹja, àti ọ̀rá rẹ̀ pẹ̀lú. Wọ́n á wá kó ẹja tó kù sínú omi tó mọ́, kí wọ́n wo bí yóò ti pẹ́ tó kí oògùn náà tó jáde. Bí ti ara ẹja bá ju ti inú omi lọ ní ìlọ́po 5 000, àmì ńlá nìyẹn lójú àdéhùn àgbáyé tí wọ́n ń pè ní Stockholm. Endosulfan, tí a fi fín òwú ní Bẹ̀nẹ̀ nígbà kan, wọ inú àdéhùn náà ní 2011.

Ojú lásán kò lè ṣe irú àyẹ̀wò yìí létí odò. Ẹ má fọ pọ́ǹpù tàbí bídọ̀ oògùn nínú odò Ọpara. Ẹja tó kú léfòó lẹ́yìn tí ẹ fín oògùn, ẹ má jẹ ẹ́, ẹ má tà á. Ẹ má gbọ́kàn lé sísè tàbí yíyan. Mo mọ̀ pé ó ń dunni láti fi ẹja ọ̀fẹ́ sílẹ̀. Ẹ rì í mọ́lẹ̀ jìnnà sí omi, kí ajá má baà hú u, kí ẹ sì tètè pè wá.