Ìkọtí-ikún sí Ínsúlínì: Èdè-ìperí fún PCOS

Orúkọ PCOS gan-an ni wàhálà àkọ́kọ́. Tí a bá tú polycystic ovary syndrome ní ọ̀rọ̀-sí-ọ̀rọ̀, 'àìsàn ilé ẹyin tó kún fún kókó' la máa kàn. Bí wọ́n ṣe tú u fún màmá mi nìyẹn nígbà tí èsì àyẹ̀wò mi jáde, ohun tí wọ́n sì kọ́kọ́ bi mí ni pé ọjọ́ wo ni dókítà máa gé kókó náà kúrò.

Kò sí kókó tí ẹnikẹ́ni fẹ́ gé. Àwọn àpò kéékèèké tí ẹyin ń dàgbà nínú wọn ni scan ń rí, èyí tí kò dàgbà tó láti tú ẹyin sílẹ̀. Stein àti Leventhal, dókítà méjì ní Chicago, kọ nípa rẹ̀ lọ́dún 1935, ilé ẹyin ni wọ́n sì tẹjú mọ́. Láti ìgbà ìpàdé Rotterdam ní 2003, méjì nínú àmì mẹ́ta ló ń tó fún àgbàlagbà: kí nǹkan oṣù máa ṣe ségesège, kí androgen pọ̀ jù, kí àpò ẹyin pọ̀ lójú scan. Èèyàn lè ní PCOS, kí scan rẹ̀ má fi nǹkan kan hàn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn fún àwa ọmọ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ni insulin resistance. 'Àtakò' ló máa ń kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn, àmọ́ ìjà wà nínú àtakò, kò sì sẹ́ni tó ń jà níbẹ̀. Èmi dábàá 'ìkọtí-ikún sí ínsúlínì'. Ínsúlínì ń ké sí iṣan ara pé kó gba ṣúgà wọlé. Iṣan ò dáhùn bó ṣe yẹ. Pancreas tó ń ṣe ínsúlínì á wá tú púpọ̀ sí i jáde, bí ìyá tó ń pariwo orúkọ ọmọ tó dákẹ́ sí i. Àkànlò èdè yìí sì gbé wa dé ibi tí 'àtakò' ò lè gbé wa dé, torí ilé ẹyin ò kọ etí ikún ní tirẹ̀. Ariwo tí wọ́n ń pa mọ́ iṣan, òun ń gbọ́ ọ ketekete, ó sì ń tìtorí rẹ̀ ṣe testosterone sí i. Ẹ̀dọ̀ náà á dín SHBG kù, ìyẹn purotéènì tó ń di testosterone mú nínú ẹ̀jẹ̀. Ibẹ̀ ni irùngbọ̀n àti irorẹ́ ti ń wá, tí nǹkan oṣù á sì máa fò.

Ìdí nìyí tí àyẹ̀wò ṣúgà nìkan fi lè tanni. Ìṣirò HOMA-IR, tó jáde láti Oxford ní 1985, máa ń fi ṣúgà àárọ̀, kéèyàn tó jẹun, sọ ínsúlínì di púpọ̀, á wá fi 22.5 pín in. Ká ní ṣúgà ọmọbìnrin méjì jẹ́ 5.0 mmol/L, kí ínsúlínì ọ̀kan jẹ́ 9 µU/mL, ti èkejì 18. Èsì ti àkọ́kọ́ á jẹ́ 2, ti èkejì 4. Ṣúgà kan náà ni o! Ariwo ló fi di ìlọ́po méjì.

Ní ti full blood count, sẹ́ẹ̀lì funfun sábà máa ń lé díẹ̀ nínú PCOS, bí iná tó ń jó lábẹ́ eérú. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi ìyẹn nìkan mọ PCOS, torí egbò tó ń kẹ̀ lásán lè gbé e sókè. PCV ni kí ẹ wò dáadáa, pàápàá tí nǹkan oṣù bá pẹ́ kó tó dé, tó wá ń ya bí omi.

Èyí tí mi ò tíì rí ojútùú sí ni androgen. 'Họ́mọ́ònù ọkùnrin' ni wọ́n ń pè é káàkiri, bẹ́ẹ̀ ilé ẹyin gbogbo obìnrin ló ń ṣe é, kódà ara rẹ̀ ni estrogen ti ń jáde. Ẹ sọ fún ọmọ ogún ọdún tó ń fá irùngbọ̀n ní bòókẹ́lẹ́ pé họ́mọ́ònù ọkùnrin pọ̀ lára rẹ̀, kí ẹ wá wo ojú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àyálò ni mo ṣì ń lò. Ẹni tó bá ní èyí tó sàn jù, kó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wa.