Àṣìhun Gbólóhùn Láàárín Àká Ìsọfúnni Méjì: Orúkọ Rẹ̀ àti Bí A Ṣe Ń Wá A Rí

1. Ìfáárà

Iṣẹ́ tí ó wà níwájú wa nínú àpilẹ̀kọ yìí pín sí ọ̀nà méjì. Èkínní ni láti wá orúkọ tí ó yẹ fún àwọn àléébù tí ó máa ń yọjú nígbà tí a bá fẹ́ kí àká ìsọfúnni kan bá òmíràn tí kì í ṣe irú rẹ̀ sọ̀rọ̀ nínú kọ̀ǹpútà. Èkejì ni láti fi han olùkọ́ bí a ṣe ń tọ ipasẹ̀ irú àléébù bẹ́ẹ̀ títí a ó fi bá a. Iṣẹ́ méjèèjì kò ṣe é yà sọ́tọ̀, nítorí pé akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń pe gbogbo wọn ní ‘àṣìṣe’ yóò máa wá ìdí ọ̀ràn níbi tí kò sí.

‘Àká ìsọfúnni’ ni a fẹ́ máa lò fún database. Bí àgbẹ̀ ṣe ń to àgbàdo sínú àká kí ó lè tètè rí èyí tí ó fẹ́ mú, bẹ́ẹ̀ gan-an ni a ń to ìsọfúnni sínú àtẹ, tí àtẹ kọ̀ọ̀kan sì ní òpó àti ìlà. Gbólóhùn tí a fi ń bèèrè ohun tí ó wà nínú àká ni a ó máa pè ní ‘ìbéèrè’. Ẹ̀rọ tí ó ń gbé ìbéèrè láti ọ̀dọ̀ àká kan lọ sọ́dọ̀ èkejì, tí ó sì ń gbé èsì padà, ni ‘ògbufọ̀’.

2. Èdè kan, ẹ̀ka-èdè púpọ̀

Ní 1970 ni E. F. Codd, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní IBM, gbé èrò jáde pé kí a máa to ìsọfúnni sínú àtẹ tí ó bá ara wọn tan. Ní 1974, Donald Chamberlin àti Raymond Boyce, tí àwọn náà jẹ́ òṣìṣẹ́ IBM, ṣe àlàyé èdè ìbéèrè kan tí a wá mọ̀ sí SQL. Ilé-iṣẹ́ ANSI ní Amẹ́ríkà fi òǹtẹ̀ lu ìlànà àjùmọ̀lò fún èdè yìí ní 1986, ISO sì tẹ̀ lé e ní 1987. Ṣùgbọ́n kí ìlànà náà tó jáde, Oracle ti wà lórí àtẹ láti 1979. Olúkúlùkù ilé-iṣẹ́ ti ní àṣà tirẹ̀, wọn kò sì fi í sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí wa. Ará Ọ̀yọ́ ń sọ pé ‘ilé’, ará Ìjẹ̀ṣà ń sọ pé ‘ulé’, àwọn méjèèjì sì ń gbọ́ ara wọn nítorí pé ènìyàn a máa fi òye gbé e. Kọ̀ǹpútà kò ní irú òye bẹ́ẹ̀. Bí ìhun gbólóhùn bá yàtọ̀ sí èyí tí ó mọ̀, kíkọ̀ ni yóò kọ̀ ọ́.

3. Orúkọ mẹ́ta fún àléébù mẹ́ta

(i) Àìlèsopọ̀: ògbufọ̀ kò rí ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ àká kejì, tàbí a kò ṣílẹ̀kùn fún un.

(ii) Àṣìhun: ìbéèrè dé ibi tí a rán an, ṣùgbọ́n àká náà kò lè tú ìhun rẹ̀. A ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ yìí ní ìbámu pẹ̀lú àṣìsọ, àṣìgbọ́ àti àṣìkọ tí ó ti wà nínú èdè tẹ́lẹ̀.

(iii) Àìmọrúkọ: ìhun gbólóhùn dára, ṣùgbọ́n àká kò mọ àtẹ tàbí òpó tí a dárúkọ.

Ànfààní ìpínsísọ̀rí yìí hàn gbangba. Bí àká kejì bá dáhùn pé àṣìhun wà, a jẹ́ pé ìsopọ̀ ti ṣẹ. Ẹni tí kò gbọ́ ọ kò lè bá a wí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń pààrọ̀ ọ̀rọ̀ aṣínà nígbà tí iṣẹ́ tí ó gbà wá jẹ́ ti àṣìhun ń fi àkókò rẹ̀ ṣòfò ni.

4. Àpẹẹrẹ kan

Ká ní a wà nínú SQL Server, a sì fẹ́ ka orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́wàá nínú àká PostgreSQL. OPENQUERY ni a fi rán ìbéèrè yìí:

SELECT * FROM OPENQUERY(ILE2, 'SELECT TOP 10 oruko FROM akeko')

Èsì tí ó wá láti ọ̀dọ̀ PostgreSQL ni pé àṣìhun wà nítòsí ‘10’. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò tẹjú mọ́ 10, kò sì ní rí ohun tí ó ṣe é. TOP gan-an ni ọ̀ràn wà lára rẹ̀. SQL Server ń fi ọ̀rọ̀ náà dín iye ìlà kù, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ àyàsọ́tọ̀ nínú PostgreSQL. Nítorí náà, PostgreSQL rò pé orúkọ òpó kan ni. Ìgbà tí ó wá bá 10 lẹ́yìn orúkọ ni ó tó kọsẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí ó yẹ kí olùkọ́ tẹnu mọ́ nìyí: ibi tí àká nàka sí ni ibi tí ó ti ṣubú, ohun tí ó gbé e ṣubú lè wà lẹ́yìn.

Bí a bá yọ TOP 10 kúrò, tí a sì kọ LIMIT 10 sí ìparí gbólóhùn inú, iṣẹ́ yóò lọ. MySQL náà gba LIMIT. Oracle ń lo FETCH FIRST 10 ROWS ONLY láti ẹ̀dà 12c tí ó jáde ní 2013.

Ẹ ṣàkíyèsí pé gbólóhùn méjì ni ó wà nínú àpẹẹrẹ wa. SQL Server ni ó ń tú ti òde; ti inú, ọ̀rọ̀ lásán ni lójú rẹ̀, PostgreSQL ni yóò tú u. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí a gbọ́dọ̀ bi ara wa, nígbà náà, ni pé: ta ni ó ń sọ̀rọ̀? Ṣé àká tiwa ni, tàbí ògbufọ̀, tàbí àká kejì?

5. Àwọn àmì tí ó ń fa ìjà

Nínú ìlànà àjùmọ̀lò, àmì àyọlò ẹyọ kan ni a fi ń ká ọ̀rọ̀ mọ́, oníméjì ni a sì fi ń ká orúkọ àtẹ tàbí òpó mọ́. SQL Server gba àkámọ́ onígun fún orúkọ. MySQL ń lo àmì kan tí gbogbo olùkọ́ Yorùbá mọ̀ dáadáa, èyíinì ni àmì ohùn ìsàlẹ̀ tí a dá dúró láìsí fáwẹ̀lì lábẹ́ rẹ̀. Bí a bá gbé àmì yìí tàbí àkámọ́ onígun lọ sí Oracle, àṣìhun ni.

Nínú OPENQUERY, àmì àyọlò ẹyọ kan ti ká gbólóhùn inú mọ́ ná. Nítorí náà, bí a bá fẹ́ irú àmì bẹ́ẹ̀ nínú rẹ̀, a gbọ́dọ̀ kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì: WHERE ilu = ''Ede''. Bí a kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, gbólóhùn yóò parí láìtọ́jọ́, SQL Server fúnra rẹ̀ ni yóò sì ké.

Lẹ́tà ńlá àti kékeré tún wà níbẹ̀. Bí a kò bá fi àmì àyọlò ká orúkọ mọ́, PostgreSQL yóò sọ ọ́ di lẹ́tà kékeré, Oracle yóò sọ ọ́ di lẹ́tà ńlá. Àìmọrúkọ ni èyí sábà máa ń bí, kì í ṣe àṣìhun.

6. Èyí tí kò ké

Àléébù tí ó burú jù ni èyí tí kò sí àká tí ó kọ̀ ọ́. Àmì || ni ìlànà àjùmọ̀lò fi ń so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀. Nínú MySQL, bí a kò bá yí ètò rẹ̀ padà, ‘tàbí’ ni àmì kan náà túmọ̀ sí. Nítorí náà, 'Ade' || 'Olu' yóò di 0. Bákan náà, WHERE "ilu" = 'Ede' yóò fi ọ̀rọ̀ náà ‘ilu’ wé ọ̀rọ̀ náà ‘Ede’; wọn kò dọ́gba, kò sì ní sí ìlà kankan tí yóò jáde. Olùkọ́ yóò rò pé kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti Ẹdẹ wá, bẹ́ẹ̀ ni orúkọ wọn wà nínú àká. ‘Àṣìtúmọ̀’ ni a dábàá fún irú èyí. Kíka iye ìlà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí a sì fi wọ́n wé ara wọn, ni ó ń tú u fó.

7. Ìlànà wíwá àṣìhun

(i) Kọ́kọ́ rán gbólóhùn tí ó kúrú jù, SELECT 1 AS eni, láti mọ̀ bóyá ìsopọ̀ wà. Nínú Oracle tí ó ṣáájú ẹ̀dà 23, fi FROM DUAL kún un.
(ii) Mọ ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀.
(iii) Gbé gbólóhùn inú lọ sínú àká kejì fúnra rẹ̀, kí o sì dán an wò níbẹ̀ láìsí ògbufọ̀.
(iv) Gé gbólóhùn náà kúrú, kí o máa dá awẹ́ rẹ̀ padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Awẹ́ tí ó bá dá àléébù padà ni kí o mú.
(v) Wo ohun tí ó ṣáájú ibi tí àká nàka sí.

8. Ìkádìí

Àìlèsopọ̀, àṣìhun, àìmọrúkọ, àṣìtúmọ̀: ọ̀rọ̀ mẹ́rin yìí ni a gbé síwájú àwọn olùkọ́ àti atúmọ̀-èdè fún àyẹ̀wò. Bí ẹnikẹ́ni bá ní èyí tí ó dára jù wọ́n lọ, kí ó mú un wá. Ohun tí a kò gbọ́dọ̀ gbà ni kí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo máa jẹ́ fún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, nítorí pé àrùn tí a kò bá mọ orúkọ rẹ̀, oògùn mìíràn ni a óò máa lò sí i.