BO KÀNGA RẸ

Bíbélì kíkà: Ẹ́kísódù 21:33-34, Mátíù 4:5-7
Akọ́sórí: Éfésù 6:6

Kànga wà ní àgbàlá ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé wa ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ìsẹ̀ àti ní Èmùré. Kò sí baálé ilé tó gbọ́n tí yóò fi ẹnu kànga rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú. Yóò fi páànù tàbí pákó bò ó, yóò sì gbé òkúta lé e. Ṣé nítorí pé òun fúnra rẹ̀ yóò jìn sí i ni? Rárá o. Ó mọ ibi tí kànga rẹ̀ wà, kódà nínú òkùnkùn. Nítorí ọmọ kékeré tó ń sáré kiri ni, àti nítorí àlejò tó dé lóru. A kò sì tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún un pé, "Àìnígbàgbọ́ ló mú kí o bo kànga."

Nínú Bíbélì kíkà wa, Ọlọ́run sọ pé ẹni tó bá gbẹ́ kòtò tí kò bò ó, tí màlúù tàbí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ẹlòmíràn sì jìn sí i, yóò san án padà. Bí Ọlọ́run bá lè béèrè màlúù aládùúgbò lọ́wọ́ wa, kí ni yóò sọ nípa bàbá aládùúgbò, tàbí ọmọ rẹ̀?

Rántí ọdún 2020. Ní ọjọ́ 27 oṣù kejì ọdún náà ni a fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé àrùn kòrónà ti wọ Nàìjíríà. Nígbà tó fi di ọjọ́ 18 oṣù kẹta, ó ti dé Èkìtì. Wọ́n ti ilé ìjọsìn, a sì ń gbàdúrà nílé. Wọ́n ní kí a máa fọ ọwọ́, kí a lo ìbòmú, kí a má ṣe fún ara wa pọ̀. Kò rọrùn. Ẹni tó jẹ́ pé ohun tó bá tà lóòjọ́ ló ń jẹ, ẹ̀yìn ilé ni wọ́n ní kó jókòó sí. Ọlọ́run rí omijé irú àwọn bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n èmi tí mo ń kọ èyí ní ohun kan láti jẹ́wọ́. Nígbà tí ọdún náà ń lọ sópin, mo wọ ọkọ̀ láti Ìkẹ́rẹ́ lọ sí Àkúrẹ́. Abẹ́ àgbọ̀n ni gbogbo wa fi ìbòmú wa sí. Bí a ti rí àwọn ọlọ́pàá lókèèrè, gbogbo wa fà á sókè. Bí a ti kọjá wọn tán, a fà á sílẹ̀, a sì rẹ́rìn-ín. Ìyá àgbàlagbà kan wà láàrin wa tó ń lọ gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Òun kò yọ tirẹ̀ rárá. Ó wò wá, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ṣé ọlọ́pàá lẹ ń bẹ̀rù ni, àbí àìsàn?" Kò sí ẹni tó lè dá a lóhùn. Mo jẹ́ onígbàgbọ́, mo gbé Bíbélì lọ́wọ́, ṣùgbọ́n àrójúṣe ni mo ń ṣe. Mo ti ṣí kànga mi sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá arúgbó.

Ẹnì kan lè sọ pé, "Ṣùgbọ́n Orin Dáfídì 91 wà fún mi." Òótọ́ ni, ó wà fún ọ! Síbẹ̀, kíyè sí i pé láti inú orin yẹn gan-an ni Sátánì ti mú ọ̀rọ̀ nígbà tó gbé Jésù dúró sí orí tẹ́ḿpìlì tó sì ní kí ó bẹ́ sílẹ̀. Jésù kò sọ pé irọ́ ni ìlérí náà. Ó kọ̀ láti fi í dán Bàbá rẹ̀ wò. Ìlérí ààbò wà fún ẹni tó ń rìn ní ọ̀nà Ọlọ́run, kì í ṣe fún ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ fẹ́ bẹ́.

Ìgbọràn àti àdúrà kì í bá ara wọn jà. Ní oṣù keje ọdún 2014, ọkùnrin kan gbé àrùn Ebola wọ Èkó láti Làìbéríà. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò jẹ́ kí ó jáde ní ilé ìwòsàn, bí àwọn kan tilẹ̀ ń fúngun mọ́ wọn. Àrùn náà pa dókítà yìí ní ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ. Gbogbo Nàìjíríà ń gbàdúrà, ṣùgbọ́n nǹkan bí 900 ènìyàn tó ti súnmọ́ àwọn aláìsàn náà tún gbà kí a máa yẹ ara wọn wò fún ọjọ́ 21. Ogún ènìyàn ló kó o, mẹ́jọ sì kú. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Ebola ti kúrò ní Nàìjíríà. Bí àwọn wọ̀nyẹn bá ti sá pa mọ́ ńkọ́?

Lónìí, ọlọ́pàá kò dúró de ìbòmú mọ́. Ṣùgbọ́n ibà Lassa ṣì ń jà, pàápàá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìpínlẹ̀ Oǹdó tó bá wa pààlà sì wà lára ibi tó ti ń jà jù. Eku ló ń gbé e wọlé. Nítorí náà, fi ìdérí tó le bo gàrí àti èlùbọ́ rẹ. Má ṣe sá oúnjẹ sí etí títì. Fọ ọwọ́ rẹ. Bí ibà bá kọ̀ tí kò gbọ́ oògùn, tètè lọ sí ilé ìwòsàn, kí o sì sọ òtítọ́ fún nọ́ọ̀sì nípa aláìsàn tí o ti tọ́jú. Ṣe é níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti rí ọ, nítorí Olúwa ń rí ọ.

Ìgbésẹ̀ fún òní: Kí o tó jáde, wo inú ilé rẹ. Kànga wo ni o kò tíì bò nítorí àwọn ẹlòmíràn?

Kókó àdúrà:
1. Bàbá, dárí jì mí níbi tí àìbìkítà mi ti fi ẹ̀mí ẹlòmíràn sínú ewu.
2. Olúwa, gbà mí lọ́wọ́ àrójúṣe.
3. Bàbá, tu gbogbo ẹni tí àjàkálẹ̀ àrùn gba ènìyàn lọ́wọ́ wọn nínú.
4. Olúwa, dáàbò bo àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì wa ní Èkìtì, ní orúkọ Jésù. Àmín.