Bí A Ṣe Ń Dá Ìtọ́kasí Mọ̀ Nínú Ìtàn Kúkúrú

Ẹ jẹ́ ká ka ìpínrọ̀ kékeré tí mo hun fún ẹ̀kọ́ yìí: “Bàbá Rẹ̀mí jókòó sábẹ́ ọ̀pẹ ní Ìkẹ́nnẹ́. Bí àwọn ọmọ ṣe ń ti ilé ìwé bọ̀, ó na ìka méjì sókè sí wọn, ó ní, ‘Ẹ ò san kọ́bọ̀, àbí?’”

Ẹni tí kò mọ Ìkẹ́nnẹ́ á ní bàbá arúgbó ń bá ọmọdé ṣeré ni. Ẹ tún un kà. Kí ló dé tó fi jẹ́ ọ̀pẹ, tí kì í ṣe igi obì tí wọ́n mọ ilẹ̀ Rẹ́mọ mọ́? Ìka méjì yẹn ń kọ́? Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ ni Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ọ̀pẹ ni àmì ẹgbẹ́ Action Group rẹ̀, ìka méjì ló máa ń nà sí èrò, ọdún 1955 sì ni ìjọba rẹ̀ sọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀ Oòrùn. Òǹkọ̀wé ò dárúkọ rẹ̀, síbẹ̀ Awo ti wọnú ìtàn. Ìtọ́kasí nìyẹn.

Ibi tí nǹkan kan bá ti wúwo ju iṣẹ́ tí ìtàn gbé lé e lọ ni kẹ́ ẹ ti fura. Abẹ́ igi yòówù kí bàbá náà jókòó sí, ìtàn á máa lọ. Àmọ́ ẹ má sọ gbogbo ọ̀pẹ di Awólọ́wọ̀ o! Ọ̀pẹ nìkan lè jẹ́ ọ̀pẹ lásán. Ìgbà tí ìka méjì àti ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kín in lẹ́yìn ló tó di ẹ̀rí.

Dídá a mọ̀ nìkan ò tó. Ẹ wo Mayflower, ilé ìwé tí Táí Ṣólàrín àti Sheila ìyàwó rẹ̀ dá sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ lọ́dún 1956. Orúkọ ọkọ̀ ojú omi tó kó àwọn onígbàgbọ́ kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ sí Amẹ́ríkà lọ́dún 1620 ni. Àwọn yẹn ń wá ibi tí wọ́n á ti sin Ọlọ́run bó ṣe wù wọ́n. Ilé ìwé tí ẹnikẹ́ni ò ti ní fipá mú ọmọ gbàdúrà ni Ṣólàrín ń wá ní tirẹ̀. Bí ọmọ inú ìtàn bá wá gbé àpótí, tó forí lé Mayflower, kí ni òǹkọ̀wé ń pè wá síbẹ̀: òmìnira tó pa wọ́n pọ̀ ni, àbí àdúrà tó yà wọ́n? Irú ìtọ́kasí yìí ni mo fẹ́ràn jù, torí ibi tí kò ti bára mu gan-an ni adùn rẹ̀ wà.

Ó kàn yín. “Ìyá olóbì ní Sábó, Ṣàgámù, jẹ́jẹ̀ẹ́ létí odò pé bí ogun bá rọlẹ̀, ohunkóhun tí odò bá bèèrè lòun ó fún un. Ogun rọlẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí ló kọ́kọ́ sáré jáde wá pàdé rẹ̀.” Odò yẹn ń pe Mọrèmi. Ta ni ọmọ tó kọ́kọ́ jáde ń pè ní tirẹ̀? Ẹ lọ ka orí 11 nínú ìwé Àwọn Onídàájọ́ kẹ́ ẹ tó dáhùn.