Ta Ló Gba Oyè Líìgì Lọ́dún 1925?

Ẹ̀kọ́ tọ̀tẹ̀ yìí pa ìtàn pọ̀ mọ́ ìṣirò. Ẹ mú bírò àti ìwé lọ́wọ́, torí a máa ṣe pínpín díẹ̀. Kò le rárá.

Bọ́ọ̀lù tí à ń wí kì í ṣe èyí tí a máa ń fẹsẹ̀ gbá o. Ti àwọn ará Amẹ́ríkà ni, èyí tó rí gbọọrọ, tó sì ṣóńṣó lápá méjèèjì. Wọ́n máa ń gbé e lọ́wọ́ sáré, àwọn 11 tó wà ní ìhà kejì á sì máa rọ́ lu ẹni tó gbé e kí wọ́n lè gbé e ṣánlẹ̀. Lọ́dún 1920 ni àwọn tó ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù pàdé nílùú Canton, ní ìpínlẹ̀ Ohio, nínú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta mọ́tò, tí wọ́n sì dá líìgì sílẹ̀. Lọ́dún 1922 ni wọ́n sọ ọ́ ní National Football League, ìyẹn NFL. Nígbà tó fi máa di 1925, ẹgbẹ́ 20 ló ti wà nínú rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń mọ ẹni tó gba oyè

Láyé ìgbà yẹn, kò sí àṣekágbá. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń wá ẹni tí yóò bá gbá fúnra rẹ̀, nítorí náà iye ìdíje wọn kì í dọ́gba. Tí ọdún bá ń parí, wọ́n á ka iye ìgbà tí ẹgbẹ́ kan borí, wọ́n á fi àpapọ̀ èyí tó borí àti èyí tó pàdánù pín in. Wọn kì í ka ọ̀mì mọ́ ọn. Ẹni tí ìdá rẹ̀ bá pọ̀ jù ló gba oyè.

Ṣé ẹ ti rí ihò tó wà nínú òfin yìí? Ẹni tó bá fẹ́ kí ìdá òun gòkè lè wá ẹgbẹ́ tí kò lágbára, kó nà án, kó sì kà á mọ́ tirẹ̀.

Pottsville na Cardinals

Pottsville Maroons wá láti ìlú kékeré tí wọ́n ti ń wa èédú ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania. Ọdún àkọ́kọ́ wọn nínú líìgì nìyẹn. Chicago Cardinals ní tiwọn wá láti ìlú ńlá. Ní December 6, àwọn méjèèjì pàdé ní Chicago, Pottsville sì fi 21 sí 7 borí. Gbogbo ayé rò pé ó parí síbẹ̀.

Kò parí o. Chris O'Brien, ẹni tó ni Cardinals, tún wá ìdíje méjì kún un ní kíákíá: Milwaukee Badgers ní December 10, Hammond Pros ní December 12. Wọ́n na Milwaukee ní 59 sí 0, wọ́n na Hammond ní 13 sí 0.

Ní December 12 yẹn kan náà, Pottsville lọ sí Philadelphia, wọ́n bá àwọn tó ti gbá bọ́ọ̀lù fún yunifásítì Notre Dame tẹ́lẹ̀ gbá, wọ́n sì fi 9 sí 7 borí. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ míì nínú líìgì, Frankford Yellow Jackets, ló ni àdúgbò yẹn. Joe Carr, ààrẹ líìgì, ní òun ti kìlọ̀ fún Pottsville kí wọ́n má lọ. Pottsville ní ẹnìkan ní ọ́fíìsì líìgì ti fún àwọn láyè lórí fóònù. A kì í gbọ́ tẹnìkan dájọ́, ṣùgbọ́n Carr dá wọn dúró, ó sì yọ wọ́n kúrò nínú líìgì.

Àwọn ọmọ ilé ìwé mẹ́rin

Ibi tó dùn mí jù nìyí. Àwọn agbábọ́ọ̀lù Milwaukee ti túká kí ìdíje December 10 tó dé, èèyàn wọn ò pé. Art Folz, agbábọ́ọ̀lù Cardinals kan, lọ sí ilé ìwé girama Englewood ní Chicago, ó mú ọmọ mẹ́rin wá láti dí àlàfo. Ọmọ ilé ìwé bíi tèmi àti tìrẹ ni wọ́n kó síwájú àwọn àgbàlagbà tí wọ́n ń fi bọ́ọ̀lù jẹun! Bẹ́ẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gbá pẹ̀lú àwọn tó ń gbowó lè pàdánù ẹ̀tọ́ àtigbá fún ilé ìwé rẹ̀.

Nígbà tó hàn síta, wọ́n ní Folz ò gbọ́dọ̀ gbá bọ́ọ̀lù líìgì mọ́ láyé, àmọ́ wọ́n foríjì í lẹ́yìn náà. Wọ́n bu owó ìtanràn $500 fún ẹni tó ni Milwaukee, wọ́n ní kó ta ẹgbẹ́ rẹ̀ láàárín 90 ọjọ́. O'Brien san $1,000.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó

Pottsville: borí 10, pàdánù 2. 10 ÷ 12 = 0.833.

Cardinals kí wọ́n tó fi méjì kún un: borí 9, pàdánù 2, ọ̀mì 1. 9 ÷ 11 = 0.818.

Cardinals lẹ́yìn méjèèjì: 11 ÷ 13 = 0.846.

Ó yá, ẹ yọ ìdíje tí wọ́n ti lo àwọn ọmọ ilé ìwé kúrò: 10 ÷ 12 = 0.833. Wọ́n dọ́gba pẹ̀lú ẹgbẹ́ tó nà wọ́n! Carr sọ pé wọ́n máa pa ìdíje yẹn rẹ́ nínú ìwé, àmọ́ wọn ò pa á rẹ́. Títí dòní ó ṣì wà níbẹ̀.

O'Brien fúnra rẹ̀ kọ̀, kò gba oyè náà. Nígbà tí Cardinals bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì ní àwọn ọdún 1930 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní tiwọn. Àwọn ará Pottsville ò gbà: wọ́n fi èédú gbẹ́ ife ẹ̀yẹ tiwọn. Lọ́dún 2003, àwọn tó ni ẹgbẹ́ NFL dìbò lórí ẹjọ́ náà: 30 ní kó wà bó ṣe wà, 2 péré ló gbè sẹ́yìn Pottsville.

Ohun tí mo rí kọ́

Ìṣirò kì í purọ́, ṣùgbọ́n ẹ bi í pé kí ni wọ́n kó sínú rẹ̀. 0.846 péye, kò sí àṣìṣe níbẹ̀. Kò kàn sọ fún wa pé ọmọ mẹ́rin tó yẹ kó wà ní kíláàsì wà nínú 11 yẹn ni.

Ìbéèrè fún yín

1. Tí Cardinals bá na Hammond nìkan, tí wọn ò bá Milwaukee gbá rárá, ta lo máa fún ní oyè, kí sì nìdí?

2. Ṣé ó tọ́ kí wọ́n yọ Pottsville? Gbọ́ tọ̀tún-tòsì kí o tó dáhùn.

3. Tí àgbàlagbà kan bá ní kó o wá wọ jẹ́sì ẹgbẹ́ tí kì í ṣe tìẹ, kí lo máa kọ́kọ́ bi í?

Ẹ fi ìdáhùn yín sínú àpótí tó wà lábẹ́ pátákó yìí.