Ta Ló Ni Ìdajì Ìṣẹ́jú Tó Kẹ́yìn? Ẹ̀kọ́ Lórí Ìsinmi Ráńpẹ́ Nínú Ètò Rédíò

Nínú ètò orin àti àwàdà tí a ń ṣe lọ́wọ́ lórí rédíò, tí a kò gbà sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìbẹ̀rẹ̀ kọ́ ló le jù, bí a ó ṣe dúró ni. Ẹ jẹ́ ká fi ilé-iṣẹ́ NBC ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ṣe àpẹẹrẹ, láàárín ọdún 1930 sí 1950.

Orí okùn tẹlifóònù ni NBC fi ń ta ètò sí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ rédíò káàkiri. Òfin ní kí ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan máa dárúkọ ara rẹ̀ lóòrèkóòrè, wọ́n sì máa ń ta àlàfo yẹn fún ìpolówó ọjà ní ìlú wọn. Nítorí náà, ètò 30 ìṣẹ́jú gbọ́dọ̀ parí ní 29:30. Ìdajì ìṣẹ́jú tó kù, ti ilé-iṣẹ́ abẹ́lé ni.

Àmì

Agogo olóhùn mẹ́ta ni wọ́n fi ń ṣe àmì. Ìkíní wà nísàlẹ̀, ìkejì lọ sókè, ìkẹta wà láàárín. Akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá á kọ ọ́ báyìí: dò-mí-re. Bí ẹnjiníà bá ti gbọ́ ọ, ó mọ̀ pé ó tó àkókò láti bọ́ sí ti ìlú òun. Ní 1950, NBC fi orúkọ ohùn yìí sílẹ̀ lábẹ́ òfin gẹ́gẹ́ bí àmì ìdánimọ̀ rẹ̀.

Ìṣirò láti ẹ̀yìn

Ẹ̀yìn ni olùdarí ti ń ka àkókò bọ̀. Ká ní orin ìparí gba 40 ìṣẹ́jú àáyá, tí ìpolówó gba 60: aláwàdà gbọ́dọ̀ ti sọ̀ kalẹ̀ ní 27:50. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín òǹwòran kò ṣe é wọ̀n sílẹ̀. Nítorí èyí, láti ìgbà ìdánrawò ni a ti ń sàmì sí ibi tí a lè fò. Orin ìparí náà ṣe é dín, ó sì ṣe é fà gùn.

Bí gbohùngbohùn bá ti wà ní títàn, ọwọ́ ni olùdarí fi ń sọ̀rọ̀. Bó bá ń fi ìka yí po, “yára” ni. Bó bá ń ṣe bí ẹni fa rọ́bà, “fà á gùn” ni. Ìka lórí imú: àkókò ṣe rẹ́gí. Ọwọ́ tó gba ọ̀fun kọjá: “dúró”.

Bí àkókò bá kọjá

Ní oṣù kẹrin ọdún 1947, ètò aláwàdà Fred Allen kọjá àkókò, NBC sì gé e. Lọ́sẹ̀ kejì, ó fi ọ̀gá kan ṣe yẹ̀yẹ́ pé ńṣe ló ń kó ìṣẹ́jú tó bá gé jọ, títí yóò fi tó ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì. NBC tún pa ohùn rẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, Bob Hope àti Red Skelton dá ọ̀rọ̀ náà sọ, wọ́n sì gé àwọn náà.

Ìgékúrú àkọ́kọ́ ní ìdí: àkókò olówó kan kò gbọdọ̀ jẹ ti ẹlòmíràn. Èkejì kò ní in, nítorí àwàdà ni wọ́n gé, kì í ṣe àkókò. Ẹni tí aago wà lọ́wọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ìyàtọ̀ yìí. Bí ó bá fi aago pa ẹnu ènìyàn mọ́, kò sẹ́ni tí yóò tún gba aago náà gbọ́.

Iṣẹ́ ṣíṣe

Ètò parí ní 29:30. Orin ìparí gba 45 ìṣẹ́jú àáyá, ìpolówó 60, olórin 2:30. Ìgbà wo ni aláwàdà gbọ́dọ̀ parí? Ìdáhùn: 25:15. Bí ẹ̀rín bá wá jẹ 20 ìṣẹ́jú àáyá lé e, kí ni ẹ ó dín kù?