"Ara Ń Fu Mí": Ta Ni Màmá Fura Sí?

Ìbéèrè: Ọjà Odò-Ògbè ni ìyá ìyá mi ti ń ta ẹ̀fọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó tú ẹrù tó ti dì tán, ó ní òun ò lọ mọ́, ara ń fu òun. Àbúrò mi bi í pé, "Ta lẹ fura sí, Màmá?" Inú bí i gan-an. Ṣé "ara ń fu mí" àti "mo fura" kì í ṣe ọ̀kan náà ni?
Akẹ́kọ̀ọ́, Ilé-Ifẹ̀.

Ìdáhùn: Bá mi bẹ Màmá, ọmọ mi. Àbúrò rẹ ò ní i lọ́kàn, àmọ́ ó ti sọ ọ̀rọ̀ wọn di ẹ̀sùn.

Lóòótọ́, "fu" àti "ara" ló para pọ̀ di "fura". Ṣùgbọ́n ẹni tó fura sí ènìyàn ti rí ẹni tó ń nàka sí. Ẹni tí ara ń fu ò tíì rí ẹnì kankan. Ó kàn mọ̀ pé nǹkan kan ń bọ̀, nǹkan ọ̀hún ò sì dára. O ò ní í gbọ́ kí ẹnikẹ́ni ní "ara ń fu mí pé màá rówó he" láé. Ọkàn ló lè sọ ìyẹn fún ni, torí ọkàn a máa sọ rere, a máa sọ búburú.

"Ìfura loògùn àgbà" ńkọ́? Ìṣọ́ra ni ìfura tibẹ̀. Ara fu Màmá, wọ́n wá fura, ni wọ́n fi tú ẹrù.

Ọ̀rọ̀ yìí ò ṣàjèjì ní Ifẹ̀. Ẹni tí ara bá ń fu a máa gba ilé babaláwo lọ. William Bascom, ará Amẹ́ríkà tó ṣèwádìí ní Ifẹ̀ lọ́dún 1937 sí 1938, ṣàlàyé ìbò, ìyẹn ohun tí wọ́n fi ń bi Ifá ní ìbéèrè, dáadáa nínú ìwé rẹ̀, *Ifa Divination*, tó jáde ní 1969. Bí odù bá ti hàn lórí ọpọ́n, wọ́n á bi Ifá bóyá ire ni àbí ibi. Owó ẹyọ dúró fún ire, eegun fún ibi. Ẹni tó wá dáfá á di ọ̀kan mú lọ́tùn-ún, á di ìkejì mú lósì. Odù ló máa sọ ọwọ́ tí wọ́n á ní kó ṣí. Bó bá jẹ́ eegun, ìbéèrè ò tíì tán: ṣé ikú ni, àbí àrùn, àbí ìjà, àbí òfò? Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ìtumọ̀ "ara ń fu mí" ti hàn jù. Ohun tó ń fu ni lára ò lórúkọ. Ifá ni wọ́n ń bẹ̀ pé kó sọ ọ́ lórúkọ. Bó bá ti wá lórúkọ, ara ò fu èèyàn mọ́, ẹbọ ló kù.

Bí o bá fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀, "ara fífu" ni kí o kọ fún ti Màmá. Fi "ìfura" sílẹ̀ fún ọlọ́pàá àti ọdẹ.